Táyà Mẹ́rin, Ọkọ̀ Méjì

Kò sí ohun tí Théophile kì í ṣírò. Ìṣirò ni iṣẹ́ tí ó ń kọ́ àwọn ọmọ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì Savè láti ìgbà tí ìjọba ti gbé e wá láti Pobè, ó sì ti ṣírò ọjọ́ orí ọkọ̀ rẹ̀ títí ó fi mọ̀ pé ọdún mẹ́rin ni Pijó náà fi ju òun fúnra rẹ̀ lọ. Táyà nìkan ni kò ṣírò. Ọjọ́ tí òjò àkọ́rọ̀ rọ̀, ọkọ̀ náà yọ̀ ní ìsàlẹ̀ òkè, ó yí po lẹ́ẹ̀kan, ó sì kọjú sí ibi tí ó ti ń bọ̀, bí ẹni tí ó rántí pé òun gbàgbé nǹkan sílé. Théophile sọ̀kalẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ wo ẹsẹ̀ ọkọ̀. Táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti dán bí orí apárí.

Ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgbọ̀n fránkì ni ó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Owó táyà méjì nìyẹn, tí ó bá jẹ́ àlòkù tí wọ́n ń kó wá láti Kútọnù. Ó kọrí sọ́dọ̀ Latifou, bàbá kan tí ń ta táyà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin. Mẹ́rin péré tí ó bá Pijó mu ni Latifou ní. Ojú wọn ṣì jinlẹ̀ dáadáa, ó ti fi aṣọ nù wọ́n, ó sì tò wọ́n sórí ẹní.

Théophile ní méjì lòun fẹ́. Latifou ní kò sí méjì. Théophile tún àwọn táyà náà wò.

"Bàbá, mẹ́rin nìyí. Tí ẹ bá yọ méjì, méjì ló kù."

"Mo mọ̀ ọ́n kà," ni Latifou wí. "Ọmọ ìyá ni wọ́n. Abẹ́ ọkọ̀ kan náà ni wọ́n ti wá, ọjọ́ kan náà ni wọ́n wọ Savè. Èmi kọ́ ni n ó tú wọn ká."

Théophile fi sùúrù ṣàlàyé fún un pé táyà kì í ní ìyá. Bàbá náà tẹ́tí sí i títí ó fi parí, kò já lù ú. Ó wá ní ẹni tí agbára rẹ̀ kò bá ju táyà méjì lọ, kí ó kúkú lọ ra alùpùpù.

Ibẹ̀ ni wọ́n wà tí Moufidatou fi dé. Opó ni, ó ń ṣòwò kajú, Pijó tí ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀ ni ó fi ń kó ẹrù rẹ̀, irú ti Théophile gan-an. Ilé méjì péré ni ó wà láàárín ilé wọn, àmọ́ ẹ káàárọ̀, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ nìkan ni wọ́n ti jọ sọ rí. Òun náà, owó táyà méjì ni ó so mọ́ etí aṣọ rẹ̀. Nígbà tí ó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, ó wo Théophile láti òkè dé ilẹ̀, ó ní kí àwọn dá owó pọ̀.

Ohun tí Théophile rò ni pé bí àwọn bá ti yà ní ìkóríta, oníkálukú á gbé méjì tirẹ̀. Latifou ti mọ ìyẹn tẹ́lẹ̀. Kí ó tó gba owó, ó ní kí àwọn méjèèjì gbé ọwọ́ lé táyà, kí wọ́n ṣèlérí pé àwọn kò ní yà wọ́n sọ́tọ̀. Théophile wo òsì, ó wo ọ̀tún, kò rí ẹni tí ó mọ̀ nítòsí, ó bá gbé ọwọ́ lé e.

Báyìí ni táyà mẹ́rin ṣe di ti ọkọ̀ méjì. Théophile fi rúlà fa ìlà, ó ṣe àtẹ àkókò kan bí èyí tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ara ògiri kíláàsì. Láti ọjọ́ Ajé títí di Ọjọ́rú, tirẹ̀ ni táyà. Láti Ọjọ́bọ̀ títí di Àbámẹ́ta, ti Moufidatou ni. Lọ́jọ́ Àìkú, táyà á sinmi ní yàrá ẹnì kan nínú wọn, kí olè má baà kó wọn. Ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú, wọ́n á fi kíríìkì gbé ọkọ̀ Théophile sókè, wọ́n á gbé e ka òkúta, wọ́n á sì yí táyà lọ sí ilé kejì. Àwọn ará àdúgbò a gbé àga síta láti wò wọ́n. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, obìnrin kan bẹ̀rẹ̀ sí í ta àkàrà níbẹ̀.

Kò pẹ́ tí ìfura fi dé. Théophile ń ro ti àpò kajú tí Moufidatou ń dì lé táyà lórí. Moufidatou gbọ́ pé olùkọ́ wa ọkọ̀ dé Parakou lọ kí àbúrò rẹ̀, ó sì bi í bóyá kò sí tẹlifóònù ní Savè ni. Wọ́n bá fẹnu kò pé kí ẹnì kìíní máa bá ẹnì kejì lọ, kí ó lè máa ṣọ́ táyà. Bí ọjọ́ Ajé bá dé, Moufidatou á jókòó sínú ọkọ̀ Théophile títí dé kọ́lẹ́ẹ̀jì, á jókòó sábẹ́ igi, á máa ta kajú yíyan fún àwọn ọmọ títí wọn ó fi jáde. Bí ó bá di Àbámẹ́ta, Théophile á bá a lọ sóko, á di ìwé ìdánwò mú lórí itan, á máa fi máàkì sí i, á sì máa sọ fún un pé kí ó rọra ní ibi kòtò.

Ọ̀rọ̀ kòtò yìí ni ó dá ìjà sílẹ̀. Moufidatou ní òun ti ń wakọ̀ kí wọ́n tó bí i. Théophile ní ó hàn nínú ìwakọ̀ rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, wọn kò bá ara wọn sọ̀rọ̀ mọ́, ẹfun ni wọ́n fi ń kọ ọ̀rọ̀ sára ògiri ọ̀kan nínú ilé méjì tí ó wà láàárín wọn.

Ní Ọjọ́rú kan, ọ̀gá ilé ìwé ní kí Théophile lọ ṣọ́ ìdánwò ní Bessé lọ́jọ́ kejì. Ó kọ ọ́ sára ògiri pé òun fẹ́ lo táyà lọ́la fún iṣẹ́ ìjọba. Moufidatou kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé Ọjọ́bọ̀ ni ọ̀la, kajú kì í dúró de ìjọba. Théophile kọ gbólóhùn mẹ́ta. Moufidatou pa méjì rẹ́ níbẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ fẹ́ ṣú, obìnrin náà kọ ọ́ pé: "Gbé méjì, kí n gbé méjì. Ó tó."

Ní ìdájí, Théophile de méjì tirẹ̀ mọ́ iwájú ọkọ̀, ó fi méjì nínú àwọn táyà apárí àtijọ́ sẹ́yìn, ó sì gbéra. Kò tíì jìnnà tí ó fi rí Pijó Moufidatou nínú dígí. Ọkàn rẹ̀ sọ fún un pé obìnrin yìí ń tọ òun lẹ́yìn láti wo bí òun ṣe ń lo táyà. Inú bí i, ó tẹ iná sí i. Moufidatou rí i tí ó ń sáré, ó sì gbà pé ó fẹ́ gbé táyà sá lọ sí Pobè ni, òun náà tẹ̀ ẹ́. Eruku pupa bo ojú ọ̀nà. Àwọn tí ń lọ sóko bọ́ sínú koríko. Onízẹ́mìjàn kan tí ó gbé ewúrẹ́ sẹ́yìn alùpùpù dúró, ó sì ṣí fìlà fún wọn.

Ibi tí ilé àkọ́kọ́ ní Bessé ti hàn ni apárí kan ti bẹ́ lẹ́yìn Théophile. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ oko iṣu kí ó tó dúró. Kò tíì ṣílẹ̀kùn tí ó fi gbọ́ òmíràn tí ó bẹ́ lábẹ́ ọkọ̀ Moufidatou. Àwọn ọkọ̀ méjèèjì dúró síbẹ̀, èéfín ń rú lórí wọn, wọ́n dà bí arúgbó méjì tí wọ́n jà títí ó fi rẹ̀ wọ́n.

Moufidatou sọ̀kalẹ̀. Eruku ti bo ojú rẹ̀ bí ẹni tí ó ń bọ̀ láti ibi tí wọ́n ti ń po bíríkì.

"Níbo lò ń lọ?" ni ó bi í. Ọ̀rọ̀ ẹnu àkọ́kọ́ láti ọjọ́ mọ́kànlá nìyẹn.

"Bessé ni, Ìyá."

"Bessé kè. Kí ni mo sì ń sáré lé kiri?" Ó nu ojú. "Bessé ni kajú mi wà."

Théophile fẹ́ sọ pé kò kọ ìyẹn sára ògiri, ṣùgbọ́n ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọn eruku kúrò lára bàtà rẹ̀. Ẹ̀rín ni ó kọ́kọ́ mú obìnrin náà. Ó fara ti ọkọ̀, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú rẹ̀, tí omi náà sì ń la ọ̀nà nínú eruku. Théophile náà jókòó sílẹ̀ ní ojú ọ̀nà, tòun ti aṣọ iṣẹ́ rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín.

Táyà rere mẹ́rin ni ó kù láàárín wọn. Wọ́n de gbogbo rẹ̀ mọ́ ọkọ̀ Moufidatou, torí òun ni ó ní ẹrù. Àwọn géńdé bá wọn ti Pijó Théophile dé iwájú ilé Antoine, aránṣọ Bessé, wọ́n gbé e ka òkúta mẹ́rin. Théophile fi ìdajì wákàtí pẹ́ kí ó tó dé ibi ìdánwò. Kò sẹ́ni tí ó bá a wí, torí àwọn ọmọ ti lọ wo ìjàǹbá náà. Ní ọ̀sán, ó bá Moufidatou padà sí Savè, àpò kajú méje lẹ́yìn, ìwé ìdánwò lórí itan.

Láti ìgbà náà, Moufidatou ni ó ń gbé e lọ síbi iṣẹ́ ní àràárọ̀. Ó ti pinnu pé táyà apá ọ̀tún ni ti Théophile, apá ọ̀tún náà ni ó sì ń jókòó sí. Kò ṣírò epo fún un. Théophile kì í sọ̀rọ̀ nípa kòtò mọ́, ó sì yà á lẹ́nu bí orí rẹ̀ ti fúyẹ́ tó, bí ó ti ń wo òkè àpáta tí ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, tí kò sí ohun kan tí ó ń kà.

Lóṣù tí ó tẹ̀lé e, ó tọ́jú owó díẹ̀ láti fi ra táyà, ó ránṣẹ́ sí Bessé pé òun ń bọ̀ wá gbé ọkọ̀ òun. Antoine kọ ìwé padà pé kí ó má tíì wá. Adìẹ ìyàwó òun ń sàba sábẹ́ àga awakọ̀, ẹyin mọ́kànlá. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ẹ̀gbọ́n òun tí kò fẹ́ràn ariwo ọmọdé ti ń sùn sí àga ẹ̀yìn lọ́sàn-án, ara baba náà sì ti ń le. Ohun kan ṣoṣo tí wọ́n fẹ́ tọrọ ni kọ́kọ́rọ́, torí wọ́n gbọ́ pé rédíò wà nínú rẹ̀.

Théophile ka ìwé náà lẹ́ẹ̀mejì fún Moufidatou. Lẹ́yìn náà ó wá onízẹ́mìjàn tí ń lọ sí ọ̀nà ibẹ̀, ó fún un ní kọ́kọ́rọ́, ó sì kọ ọ́ sórí bébà pé kí wọ́n má ṣe tan rédíò lọ títí, kí bátìrì má baà kú, àti pé kí wọ́n kí baba.