Ẹ̀gbọ́n Aṣòfin Bremen

Bí ẹ bá fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe ń dìbò ní Jámánì, ẹ má wulẹ̀ dààmú ọ̀mọ̀wé kankan, ẹ lọ bi Mìsítúrà ní Peckham, nílùú London. Àwọn arúgbó ló ń tọ́jú nílé wọn ní Camberwell, èdè Jámánì tó sì kù lẹ́nu rẹ̀ ò ju ọ̀rọ̀ mẹ́wàá lọ, àmọ́ gbogbo ipò tí Nasrullah ti dù pátá ló lè kà fún yín láìsinmi. Ọdún tó wọ káńsù. Ọdún tó fìdí rẹmi, tí oúnjẹ ò fi lọ lọ́nà ọ̀fun Mìsítúrà fún ọjọ́ méjì. Ọdún tó wọlé aṣòfin ìpínlẹ̀ Bremen, tí àwọn kan kọ ọ́ sára pósítà rẹ̀ pé kó máa lọ sílé ní Áfíríkà. Ilé wo ní Áfíríkà? Ọmọ tí wọ́n bí sí Bremen! Mìsítúrà ń ṣépè fún wọn lórí fóònù títí bọ́ọ̀sì fi gbé e kọjá ibi tó fẹ́ bọ́ sí. Ní báyìí, ilé aṣòfin àpapọ̀ ni Nasrullah ń dù.

Àbúrò rẹ̀ ni. Ọmọ ìyá kan náà, ọmọ bàbá kan náà. Nasrullah ò ju ọmọ ọdún méjì lọ tí ìyá wọn fi kú ní Bremen, ẹ̀yìn Mìsítúrà ló sì dàgbà sí. Nígbà tí bàbá náà tẹ̀lé e, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni Mìsítúrà, Nasrullah sì jẹ́ ọmọ ọdún márùn-ún. Ẹ̀gbọ́n bàbá wọn kan ní Peckham ní kí Mìsítúrà máa bọ̀ lọ́dọ̀ òun, ṣùgbọ́n ẹnì kan ṣoṣo ni agbára òun ká. Ìjọba fi ọmọkùnrin náà sọ́dọ̀ obìnrin Jámánì kan tó ń jẹ́ Magdalene. Mìsítúrà wí fún Nasrullah pé oṣù mẹ́ta ni, òun ń padà bọ̀ wá mú un.

Àìní ìwé ìgbélùú ò jẹ́ kó lè padà. Ìgbà tí ìwé fi máa dé, ọdún mọ́kànlá ti kọjá, Magdalene ti kó lọ, kò sì sẹ́ni tó mọ ibi tó wà. Ọdún kẹsàn-án rèé tí Bàrákàt, ọmọbìnrin Mìsítúrà, rí orúkọ Nasrullah àti ti bàbá wọn lórí fóònù, pẹ̀lú àwòrán ọkùnrin kan tó wọ kóòtù, tó ń bá wọn jiyàn ní káńsù. Láti ọjọ́ náà, bí Mìsítúrà bá ti kírun Àsárì tán, yóò jókòó, yóò máa wo ẹnu ọkùnrin náà bó ṣe ń sọ̀rọ̀ tí òun ò gbọ́. Ẹnu bàbá wọn ni. Àárò rẹ̀ ń sọ ọ́.

Bàrákàt ní, “Mummy, ẹ send email sí office wọn now.” Mìsítúrà ní láéláé. Ẹ̀gbọ́n ni yóò máa kọ̀wé ẹ̀bẹ̀ sí àbúrò? Kí wọ́n lè ní ìgbà tó di èèyàn ńlá ló tó rántí rẹ̀? Ẹ gbọ́ àgídí. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé ojú ń tì í.

Nínú oṣù kẹfà ọdún yìí, Kóyọ̀dé, akọ̀wé ẹgbẹ́ mùsùlùmí wọn, mú ìròyìn wá pé àwọn aláwọ̀ dúdú tó ń ṣòṣèlú nílẹ̀ Yúróòpù ń bọ̀ wá sọ̀rọ̀ ní gbọ̀ngàn kan lẹ́yìn òpópónà Rye Lane. Orúkọ Nasrullah wà nínú wọn. Mìsítúrà bá ẹlòmíràn pààrọ̀ shift, ó wọ híjáàbù tuntun, ó sì jókòó sí ìlà kejì pẹ̀lú Bàrákàt. Ó ní ẹ̀jẹ̀ kì í parọ́, pé bí ọmọ náà bá ti rí ojú òun, yóò dá òun mọ̀.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ parí, àwọn èèyàn tò láti kí àwọn àlejò. Nasrullah ń bọ̀ wọ́n lọ́wọ́ níkọ̀ọ̀kan, kálukú ń sọ orúkọ tirẹ̀ fún un. Ó kan Mìsítúrà. Nasrullah na ọwọ́ sí i, ó rẹ́rìn-ín, ó ń retí pé kó sọ orúkọ rẹ̀.

Mìsítúrà dúró gbọnin. Nílé tí wọ́n ti tọ́ ọ, àbúrò ló ń kọ́kọ́ kí ẹ̀gbọ́n, kì í sì í ṣe ọwọ́ ló fi ń kí i. Kó tiẹ̀ tẹrí ba díẹ̀, á tó o. Ó ń wo ọwọ́ náà, kò gbà á. Nasrullah, tó ti bá ọ̀pọ̀ obìnrin mùsùlùmí pàdé lẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀, rò pé ẹ̀sìn ni kò jẹ́ kí ìyá yìí bọ ọkùnrin lọ́wọ́. Ó yáa ká ọwọ́ rẹ̀ kò, ó gbé e lé àyà tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó sì kọjá sọ́dọ̀ ẹni tó kàn.

Ó ń lọ o! Ọdún mẹ́rìndínlógójì ló ń lọ yẹn. Mìsítúrà jáde lórí ìlà, ó di apá kóòtù rẹ̀ mú látẹ̀yìn.

“Nasru, èmi ni ẹ̀gbọ́n ẹ.”

Nasrullah ò gbọ́ Yorùbá mọ́. Ó wo Bàrákàt, Bàrákàt sì túmọ̀ rẹ̀ fún un. Ọkùnrin tó ń fi ẹnu dá ilé aṣòfin rú wo Mìsítúrà láti orí dé ẹsẹ̀. Ohùn jẹ́jẹ́ ló fi bi í ní Gẹ̀ẹ́sì:

“Kí ló dé tí o ò padà wá?”

Ìwé ìgbélùú ni ìdáhùn. Ohun tí Mìsítúrà ti ń sọ fún ara rẹ̀ láti ọjọ́ yìí wá nìyẹn, òótọ́ sì ni, ṣùgbọ́n níwájú ọkùnrin yìí, kò lè gbé e jáde lẹ́nu. Mìsítúrà kúnlẹ̀ lórí ilẹ̀ gbọ̀ngàn náà, ẹ̀gbọ́n fún àbúrò, ó ń sunkún, ó ń ní kó má bínú. Nasrullah rò pé ó ṣubú ni. Ó sáré bẹ̀rẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú kó lè gbé e dìde, àmọ́ Mìsítúrà ò gbà, torí kò tíì bẹ̀ ẹ́ tán.