Ìpín Kẹta Ijó Màmá

1.

…tàbí ta lẹ fún ní ìpín kẹta, Màmá?

Ẹ̀gbọ́n ló béèrè. Òun ni àkọ́bí nínú gbogbo àwọn tí Màmá kọ́ ní ijó. Irun ti ń funfun létí rẹ̀, síbẹ̀ orí ìkúnlẹ̀ ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì ọsibítù.

Ẹnu ọ̀nà ni Màmá ń wò, níbi tí nọ́ọ̀sì kan ti ń pààrọ̀ bàtà. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀.

Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́. Kò mọ́ bá a.

2.

ÌKÌLỌ̀
(Ó wà lára ilẹ̀kùn gbọ̀ngàn ijó Màmá títí dòní. Oòrùn ti jẹ ẹ́ létí.)

Ẹ bọ́ bàtà níta.
Ẹ má bọ́ ọ bí ẹni tí ajá ń lé.
Ẹ má wá dígí. Mo ti kọ ojú gbogbo wọn sí ògiri. Ẹni tó bá ń wo ara rẹ̀ kò jó, fọ́tò ló ń yà.
Ìpín tí mo bá kọ́ ẹ, tìẹ ni. Má yọjú wo ti ẹlòmíì. Ẹ ó pàdé lórí ìtàgé.

4.

A ò fo ìkẹta. Ó sọ nù ni.

5.

Ijó òde òní ni Màmá ń kọ́ni, ijó tí kì í dúró de ìlù. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ń pè wọ́n wọlé, á ti ilẹ̀kùn, á fi ìpín kan lé ẹni náà lára. Òun nìkan ló mọ odindi.

Ijó tó kẹ́yìn ló sọ ní Ẹni Tó Ń Bọ̀. Ìpín mẹ́rin.

Ti Ẹ̀gbọ́n ni àkọ́kọ́: ẹnìkan fi ilé sílẹ̀.
Ti Agùntáṣọọ́lò ni ìkejì: ó ń rìn, ọ̀nà ò tán.
Ti Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ni ìkẹrin: ó jókòó láàárín àwọn tó rò pé ó ti kú.

Láàárín ọ̀nà àti yàrá, òfìfo.

6.

ORÍ FÓÒNÙ. ÀWỌN ỌMỌ MÀMÁ.

Ọmọ tí Màmá bí: Ẹ kú ìrọ́jú o. Onílé ti gba gbọ̀ngàn rẹ̀. Mọ́ńdè làwọn pẹ́ńtà ń bọ̀. Tí ijó Màmá ò bá wáyé ní Sátidé, kò tún sí ibi tí a ó ti jó o mọ́.

Agùntáṣọọ́lò: Ìpín mẹ́ta ṣáà wà nílẹ̀. Ààrò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù 😂

Ọmọ tí Màmá bí: Bùọ̀dá, màmá mi ò gbé abọ́ fífọ́ fún àlejò rí. Tí kò bá pé, ẹ jẹ́ kó bá a lọ.

Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́: Ẹ̀gbọ́n, ẹ dákun, ẹ sọ nǹkan.

(Ẹ̀gbọ́n ti kà á.)

7.

Kò sẹ́ni tó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Màmá tí kò tíì sunkún lẹ́nu ọ̀nà yẹn. Kó tó di ijó rárá o. Màmá á wà lórí àga rẹ̀ ní ìsàlẹ̀ gbọ̀ngàn, á fi ọ̀pá kanlẹ̀.

"Padà."

Wàá tún bàtà wọ̀. Wàá jáde. Wàá tún wọlé.

"Padà. Kí ni bàtà ṣe fún ẹ?"

Ìkanra àgbà ni wọ́n kà á sí. Lóyìnbó ni, lódì ni, wọ́n ń sín "Padà" rẹ̀ jẹ lẹ́yìn rẹ̀. Nígbà tó yá, kò dá wọn padà mọ́. Wọn ò rántí ìgbà tó dẹ́kun.

8.

ÀWỌN TÍ Ẹ̀GBỌ́N PÈ NÍTORÍ ÌPÍN KẸTA

Èyí tó di télọ̀. (Èmi kọ́.)
Èyí tó lọ sókè òkun. (Mo rò pé ìwọ ni.)
Èyí tó bá Màmá jà. (Ó bú sẹ́kún. Ó ní òun ti ń retí kí Màmá pe òun.)

9.

Nínú gbọ̀ngàn, kò sẹ́nì kankan. Ọ̀pá kanlẹ̀.

10.

ÌRỌ̀LẸ́ FÚRÁÍDEÈ. Fóònù Agùntáṣọọ́lò ló gbà á sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ jó ìpín kẹta kan tó fúnra rẹ̀ hun.

AGÙNTÁṢỌỌ́LÒ: Ó dára o, Ẹ̀gbọ́n.
Ẹ̀GBỌ́N: Má tàn mí.
AGÙNTÁṢỌỌ́LÒ: Ó dára bí eyín àtọwọ́dá. Ó tò jù.
(Ẹ̀rín. Ẹ̀rín dá.)
Ẹ̀GBỌ́N: Mo di ọwọ́ Màmá mú ní ọsibítù. Mo ní, "Màmá, ijó yín á pé."
Ọ̀PẸ́LẸ́ŃGẸ́: Kí ni wọ́n wá sọ?
Ẹ̀GBỌ́N: Wọ́n wo ẹnu ọ̀nà.
AGÙNTÁṢỌỌ́LÒ: Ẹni tó fẹ́ lọ, kí ni kó tún wò?
(Ìró ọ̀pá: kò!)
Ọ̀PẸ́LẸ́ŃGẸ́: Ta ló kanlẹ̀?
AGÙNTÁṢỌỌ́LÒ: Ẹ má wò mí.

11.

Sátidé. Ẹ̀gbọ́n ló kọ́kọ́ dé. Ó fẹ́ sọ fún wọn, bí wọ́n bá ti pé, pé kò sí ijó. Ó ń wá ibi tí yóò jókòó sí dè wọ́n. Àga kan ṣoṣo ló wà nítòsí.

Ẹnikẹ́ni ò jókòó lórí àga Màmá rí.

Ó jókòó. Àga náà kọjú sí ẹnu ọ̀nà.

3.

Agùntáṣọọ́lò dé. Ó fi èjìká òsì ti ògiri. Ẹsẹ̀ kan dìde, bàtà já bọ́. Ó yí ọrùn, ó wo títì lẹ́yìn rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n pè. Ó mí. Ó fi ẹsẹ̀ lásán tẹ ilẹ̀ ilé.

Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ dé. Èjìká. Ẹsẹ̀. Ọrùn. Ó mí.

Télọ̀. Èjìká. Ẹsẹ̀. Ọrùn.

Èyí tó bá Màmá jà. Ọrùn rẹ̀ pẹ́ kó tó yí padà.

Lára ògiri, níbi tí èjìká gbogbo wọn ti ń kàn láti ọ̀pọ̀ ọdún wá, àbàwọ́n dúdú kan wà, kúkúrú àti gíga ti wọ inú ara wọn, bí ẹnìkan tó dúró síbẹ̀. Mọ́ńdè ni wọn ó kùn ún.

Ọmọ tí Màmá bí bẹ̀rẹ̀ mọ́ Ẹ̀gbọ́n létí lórí àga. "Àǹtí, ṣé kí n sọ fún wọn pé ijó ò pé?"

Ẹ̀gbọ́n wo ẹnu ọ̀nà, láàárín ọ̀nà àti yàrá: ìpín kẹta ti wà lára gbogbo wọn. Tó bá sọ fún wọn, wọn ó máa wo ara wọn.

Tí kò bá sọ…

Àwọn dígí kọjú sí ògiri. Ẹnìkan tún ń bọ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó ń kánjú, ó ti bọ́ bàtà tán, kò wẹ̀yìn.

"Padà."

Gbogbo wọn yíjú. Ẹnu Ẹ̀gbọ́n wà ní pípadé.

Ẹni náà tún bàtà wọ̀.