Ọjọ́ Kẹsàn-án Lẹ́yìn Ẹ̀rí

Ọjọ́ Àìkú kan ní 1994 ni mo mú Dárasími, ọmọ mi ọmọ ọdún mọ́kànlá, síwájú ìjọ wa ní Òkukù. Ó jó. Sísítà Felicia gba máìkì, ó ní, "Ẹsẹ̀ tó kú ló ń jó yìí o! Sátánì, ojú tì ẹ́!" Èmi náà jẹ́rìí. Mi ò sọ pé ọjọ́ márùn-ún ni Dókítà Ọláníyan fi fa omi abẹ́rẹ́ sí i lára ní Ìkìrun kí ẹsẹ̀ yẹn tó gbéra. Mi ò purọ́. Mo kàn fò ó ni.

Dókítà ti kìlọ̀. Ó ní inú ọpọlọ àti ọ̀pá ẹ̀yìn ni àrùn náà wà, pé ara ọmọ náà ló ń bá ara rẹ̀ jà. "Màmá, ó máa ń lọ, ó máa ń padà. Tí ojú bá ṣú, tí ẹsẹ̀ bá rọ di ọjọ́ kejì, ẹ gbé e wá. Ẹ má dúró."

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, mo rí i tó ń fọwọ́ tọ ògiri lọ sí balùwẹ̀. Bó ṣe rí mi, ó yọwọ́.

"Dára, kí ló dé?"

"Kò sí nǹkan, mà."

Mi ò bi í mọ́. Ẹ̀rù ń bà mí. Gbogbo àdúgbò wa ní Inísà ló ń kí mi, "Ìyá ẹlẹ́rìí! Ẹ kú oríire!" Báwo ni mo ṣe fẹ́ gbé e gba iwájú wọn padà sí ọsibítù?

Mo ń ṣọ́ ọ. Ó máa ń yí orí kó tó rí abọ́ ọbẹ̀ rẹ̀. Mo fi omi gbígbóná jó ẹsẹ̀ náà, ó tún wá rọ sí i. Síbẹ̀, mi ò gbé e lọ sí Ìkìrun.

Ọjọ́ kẹsàn-án lẹ́yìn ẹ̀rí wa, kò lè dìde lórí ẹní. Mo pọ̀n ọ́n, àgbà ọmọ bẹ́ẹ̀, mo gba iwájú ṣọ́ọ̀bù Sísítà Felicia lọ wọ mọ́tò Ìkìrun.

Ó pè mí, "Ìyá Dára, ṣé kò sí nǹkan o?"

Mo yára kọjá.

Dókítà tan iná sí i lójú. "Láti ìgbà wo?"

"Àná ni, sà."

Dárasími gbé orí sókè. "Rárá, Màmi. Láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá ni. Mo rò pé tí mo bá sọ, wọn á pè yín ní òpùrọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì."

Wọ́n tún fa omi sí i lára fún ọjọ́ márùn-ún. Ẹsẹ̀ padà díẹ̀, ó ń fi igi rìn. Ojú ọ̀tún kò padà. Mo bi Dókítà bóyá bí mo ṣe pẹ́ ni. Ó wo ilẹ̀, ó ní òun ò lè sọ.

Ó ṣì ń tọ ògiri lọ. Ọwọ́ òsì rẹ̀ ni mo máa ń dúró sí, kó lè rí mi.