Kò-Dé-Ìdajì

"Kò ní í gun ògiri ilé yìí láéláé. Sọ̀kalẹ̀ lórí àga yẹn."

Ọkọ mi ò sọ̀kalẹ̀. Ìṣó wà lẹ́nu rẹ̀, òòlù wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń fọwọ́ tẹ ògiri pálọ̀ wò bí ẹni tó ń wá iṣan aláìsàn tó fẹ́ fún lábẹ́rẹ́.

"Fúrémù lásán ni, ìyá ilé."

"Tó bá jẹ́ fúrémù lásán ni, yọ bébà inú rẹ̀ dànù, kí o gbé igi àti gíláàsì rẹ̀ kọ́."

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, tó ti wá kí wa láti òwúrọ̀, gbé ife tíì kalẹ̀. "Ìyàwó wa, o ti wá ń pe ọkọ ní 'o' báyìí?"

"Ẹ má bínú, Àǹtí. Nídìí oúnjẹ, ọkọ mi ni. Nídìí físíìsì, ọmọ kíláàsì mi ni. Bẹ́ńṣì kan náà la jókòó sí."

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín.

Wọ́n fẹ́ wó láàbù ilé-ìwé wa àtijọ́ ni, wọ́n sì fi iṣẹ́ inú fúrémù yìí, tó ti wà lókè ògiri ibẹ̀ láti ìgbà èwe wa, ránṣẹ́ sí ọkọ mi tó ṣe é. Nígbà tí mo kọ́kọ́ ń nu eruku rẹ̀, inú mi dùn. Ṣe ni láàbù náà dìde níwájú mi: òórùn sípíríìtì àti igi tútù, òrùka dúdú tí ìkòkò gbígbóná jó sára bẹ́ńṣì, fèrèsé tí kì í ṣí àfi téèyàn bá fi èjìká tì í. Ibẹ̀ la ti fi bàlúùnù bo ẹnu ìgò, tí a ki ìgò bọ omi gbígbóná, tí bàlúùnù sì dìde dúró bí ọmọ tí tíṣà pe orúkọ rẹ̀. A ki ìgò náà bọ omi tútù, orí bàlúùnù wọ́lẹ̀. Ariwo tí a pa lọ́jọ́ yẹn, kíláàsì tó wà lápá kejì ọgbà gbọ́. Mo rò nígbà náà pé kò sí ohun tí n ó fi ayé mi ṣe ju kí n máa yọ afẹ́fẹ́ lẹ́nu lọ.

Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n gbé sìríǹjì fún wa. Tíṣà fi rọ́bà dí ẹnu rẹ̀, afẹ́fẹ́ há sínú, ó ní ká máa to ìwé lé ọ̀pá rẹ̀ lórí, ká máa wo bí afẹ́fẹ́ náà ṣe ń fún pọ̀. "Tí ẹrù bá di ìlọ́po méjì, afẹ́fẹ́ á di ìdajì. Òfin ni." Bí ìwé ṣe kọ ọ́ nìyẹn. Tèmi kọ̀, kò di ìdajì. Mo gbé ìwé kejì lé e, ó sún díẹ̀, ó dúró. Mo tún un ṣe títí ìka mi fi wú, mo sì kọ ohun tí mo rí. Tíṣà, ọ̀dọ́kùnrin kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé wá, fi bírò pupa fa igi sí iṣẹ́ mi látòkè délẹ̀, ó ní kí n lọ bá àwọn tó ń kọ́ ìtàn. Ọmọkùnrin tó jókòó tì mí, tó mọ rúlà lò ju ẹnu lọ, òun ló gba gbogbo máàkì. Wọ́n gbé tirẹ̀ kọ́ sókè. Èmi, wọ́n sọ mí ní Kò-Dé-Ìdajì.

Orúkọ yẹn tẹ̀ lé mi dé ilé-ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì, lẹ́yìn tí mo ti padà ṣe ìdánwò sáyẹ́ǹsì. Lọ́jọ́ ìgbéyàwó wa, ọ̀rẹ́ ọkọ mi kan fi pè mí nínú máíkì, gbogbo gbọ̀ngàn sì bú sẹ́rìn-ín. Mo bá wọn rẹ́rìn-ín. Mo ti fúnra mi ka ìwé físíìsì nígbà yẹn, mo ti mọ ìdí tí tèmi ò fi dé ìdajì. Ṣùgbọ́n mi ò mọ bí tirẹ̀ ṣe dé e. Fúrémù ga jù, ọmọ ìtàn kì í sì í wọ láàbù.

Àárọ̀ yìí ni mo tó rí i nítòsí.

"Àǹtí, ẹ bá mi ka nọ́ńbà inú rẹ̀, ibi tí afẹ́fẹ́ dé lára sìríǹjì."

Wọ́n wọ jígí. "Ìwé kan: àádọ́ta. Ìwé méjì: mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Ìwé mẹ́rin: méjìlá àbọ̀." Wọ́n wo àbúrò wọn tìfẹ́tìfẹ́. "Ó mà tò ó dáadáa o. Láti kékeré lọmọ yìí ti mọ nǹkan ṣe létòlétò."

"Ó ti létò jù, Àǹtí."

Mo mú sìríǹjì ńlá nínú báàgì iṣẹ́ mi, mo fi òróró díẹ̀ pa á lára, mo dí ẹnu rẹ̀, mo gbé e dúró láàárín agolo méjì lórí tábìlì. Lẹ́yìn náà mo lọ kó ìwé àwòrán ilé tí ọkọ mi fi ń ṣiṣẹ́, àwọn tó tóbi bákan náà, tó sì wúwo bí òkúta.

"Kí lo fẹ́ fi ìwé mi ṣe?"

"Mo fẹ́ fi kọ́lé."

Mo gbé ìwé kan lé e. Àǹtí tẹjú mọ́ ọn. "Àádọ́ta, ó lé bíńtín."

Ọkọ mi sọ̀kalẹ̀ lórí àga. Ara rẹ̀ balẹ̀. "Ṣé o rí i?"

"Mo rí i. O ka èyí tó ṣáájú lóòótọ́." Mo gbé ìkejì lé e.

"Mẹ́rìnlélógójì," Àǹtí wí.

"Ẹ tún un wò, Ẹ̀gbọ́n mi," ọkọ mi wí.

"Mo ti wò ó. Jígí mi ò fọ́. Kò dé ìdajì."

"Ẹ ṣeun," mo ní, "èmi nìyẹn."

"Sìríǹjì yẹn ló ń há," ọkọ mi wí. Mo gbé ọ̀pá náà sókè díẹ̀, mo fi sílẹ̀. Ó padà síbi mẹ́rìnlélógójì. "Ìwé wọ̀nyí ò wúwo tó tilé-ìwé."

"Àádọ́ta lo kọ sí ìwé kan, àádọ́ta náà la rí."

"Ṣé òfin ló wá ń purọ́ ni?" Àǹtí bèèrè.

"Òfin ò purọ́, Àǹtí. Gbogbo ẹrù lèèyàn ń kà, kì í ṣe èyí tó fọwọ́ gbé nìkan." Mo kó ìwé kúrò. Ọ̀pá náà dìde dé ọgọ́ta, ó dúró. Mo fà á kọjá ibẹ̀, mo jọ̀wọ́ rẹ̀. Ó sáré padà. "Ọkọ mi, kò sí ìwé kankan lórí rẹ̀. Kí ló tì í padà?"

Ó wo tábìlì, ó wo fúrémù. "Afẹ́fẹ́ inú yàrá."

"Òun nìkan wúwo ju ìwé rẹ márùn-ún lọ, ó sì ti jókòó síbẹ̀ kí ìwé kankan tó dé. Ìwé lè di méjì, gbogbo ẹrù ò tíì di ìlọ́po méjì; òun ni kì í jẹ́ kó dé ìdajì."

"Bóyá lọ́jọ́ yẹn ó yàtọ̀," ó wí, ó tún ń na ọwọ́ sí òòlù. "Ohun tí mo rí ni mo kọ."

"Ibi tí nọ́ńbà yìí ti lè jẹ́ òótọ́, àfi yàrá tí kò ní afẹ́fẹ́ rárá. Bẹ́ńṣì kan náà la jọ jókòó sí, ọkọ mi. Èmi ń mí ní tèmi lọ́jọ́ yẹn. Ìwọ, kí lò ń fi imú fà?"