Gìgísẹ̀ Ọ̀tún

Bébà náà gba abẹ́ gìgísẹ̀ ọ̀tún Bíríkìlà wọlé, ó sì jáde lódìkejì láìfara kan ohunkóhun. Mànàmáná gbé e sókè kí gbogbo kíláàsì lè rí i.

"Ó dára. Bó ṣe gbọ́dọ̀ wà nìyẹn."

"Gbogbo ara mi tó ń gbọ̀n yìí ńkọ́, Àǹtí?" ni Bíríkìlà bi í. "Ṣé bó ṣe gbọ́dọ̀ wà nìyẹn náà?"

Àwọn yòókù bú sẹ́rìn-ín. Mẹ́jọ ni wọ́n, ẹni tuntun ni gbogbo wọn, aṣọ funfun wọn ṣì gan nítorí pé wọn kò tíì fọ̀ ọ́ tó ẹ̀ẹ̀mẹ́ta. Bíríkìlà ló dàgbà jù nínú wọn. Ó fi ọdún mẹ́wàá ju obìnrin tó ń kọ́ ọ lọ, síbẹ̀ Àǹtí ló ń pè é láti ọjọ́ tó ti kọ́kọ́ bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà.

Gbọ̀ngàn náà kò tóbi. Ilẹ̀ rẹ̀ jẹ́ pákó tí ẹsẹ̀ èèyàn ti tẹ̀ títí tó fi ń dán bí omi inú agbada. Fèrèsé mẹ́ta ló ní, oòrùn àárọ̀ a sì máa gba ibẹ̀ wọlé ní ìlà mẹ́ta gbọọrọ. Ẹni tó bá ti fi ẹsẹ̀ lásán tẹ pákó yẹn rí kò jẹ́ gbàgbé rẹ̀, ì báà ti jìnnà sí i fún ìdajì ọjọ́ ayé rẹ̀.

Lábẹ́ fèrèsé àárín, èèyàn méjì jókòó sórí àga. Ọ̀kan ni Ọ̀gá, bàbá arúgbó tó dá gbọ̀ngàn náà sílẹ̀ ní ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n sẹ́yìn. Èkejì ni Aṣàyẹ̀wò, obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ kàrátè rán wá. Ó gbé ìwé lé itan, ó sì ń kọ̀wé láìwo ọwọ́ rẹ̀.

Ọ̀gá ń lọ. Kí oṣù tó parí, àkọ́bí rẹ̀ yóò wá kó o lọ sọ́dọ̀ ara rẹ̀. Ẹgbẹ́ kì í sì í jẹ́ kí gbọ̀ngàn kankan wà ní ṣíṣí láìní olùkọ́ tó ní ìwé ẹ̀rí. Bí Mànàmáná bá yege lónìí, ilẹ̀kùn yóò wà ní ṣíṣí. Bí kò bá yege, àgádágodo ni.

Ó ti gbìyànjú lọ́dún tó kọjá, ó fìdí rẹmi. Obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ yìí kan náà ló yẹ̀ ẹ́ wò. Ìlà méjì péré ló kọ sábẹ́ orúkọ rẹ̀: *Ó mọ̀ ọ́n ṣe. Kò mọ̀ ọ́n kọ́ni.*

Ọ̀rọ̀ náà dùn ún wọnú eegun, nítorí pé òtítọ́ ni. Kò sẹ́ni tí ọwọ́ rẹ̀ yá bí tirẹ̀. Kí o tó gbọ́ ìró aṣọ rẹ̀, ẹ̀ṣẹ́ ti lọ, ó ti bọ̀. Ibẹ̀ ni orúkọ ìnagijẹ rẹ̀ ti wá. Ṣùgbọ́n ta ló ti kọ́ nǹkan lọ́wọ́ mànàmáná rí? Ó á kọ yẹ̀rì, òkùnkùn á sì padà sáyè rẹ̀.

Nítorí náà, ó fi odindi ọdún kan kọ́ bí a ṣe ń lọ́ra. Ó kọ́ bí a ṣe ń gé ẹ̀ṣẹ́ kan ṣoṣo sí ọ̀nà márùn-ún. Ó kọ́ bí a ṣe ń kọjú sí kíláàsì, kí a pe ọ̀tún, kí a sì lo òsì, kí àwọn tó ń wò wá lè rí ara wọn bí ẹni ń wo dígí. Iwájú dígí yàrá wọn ló ti ń dánra wò, títí ọkọ rẹ̀ fi yọjú lálẹ́ ọjọ́ kan tó ní, "Ìyàwó mi, ìwọ àti ta lẹ jọ ń jà látàárọ̀?" Ó kọ́ ohun tí a ń ṣe bí akẹ́kọ̀ọ́ bá dákú, bí orúnkún bá yẹ̀, bí ọkàn àgbàlagbà bá ń sáré jù. Ní ilé ìfọṣọ tó ti ń ṣiṣẹ́, bó ṣe ń lọ ṣẹ́ẹ̀tì àwọn oníbàárà bẹ́ẹ̀ ló ń ka eegun: kọ́là, eegun èjìká, apá, eegun mẹ́ta. Nígbà tó kà pé ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ní eegun mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, ó gbé áyọ́ọ̀nù sílẹ̀, ó wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀ bí ẹni rí àlejò. Gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ ló ti ń rìn lórí wọn.

Láàárọ̀ yìí, Aṣàyẹ̀wò ti bi í ní ogójì ìbéèrè, ó sì dáhùn gbogbo rẹ̀. Ìkọ́ni ló kù.

Ó sì ń lọ dáadáa. Nígbà tí ìyá àwọn ìbejì, tó wà ní ìlà kejì, kò mọ bí a ṣe ń fi ìbàdí ti ẹ̀ṣẹ́ lẹ́yìn, Mànàmáná kò pariwo, kò tún un ṣe ní ìgbà mẹ́wàá gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀ àtijọ́. Ó sún mọ́ ọn.

"Mọ́mì, ẹ ti ọjà dé. Ẹrù kún ọwọ́ yín méjèèjì, ilẹ̀kùn mọ́tò sì ṣí sílẹ̀. Kí lẹ máa fi tì í?"

"Ìdí ni o!" ni obìnrin náà wí, ó sì jù ú. Ìbàdí yí, èjìká tẹ̀ lé e, ẹ̀ṣẹ́ jáde pẹ̀lú ìró. Òun fúnra rẹ̀ pariwo. "Yéè! Èmi nìyẹn?"

"Ẹ̀yin ni."

Bírò Aṣàyẹ̀wò rìn lórí ìwé.

Ẹ̀yìn ìyẹn ni Mànàmáná mú bébà jáde. Nínú gbọ̀ngàn náà, àṣà kan wà tí gbọ̀ngàn mìíràn kò ní. Nínú ìdúró ìjà, bí ẹsẹ̀ ọ̀tún bá wà lẹ́yìn, gìgísẹ̀ rẹ̀ gbọ́dọ̀ gbéra díẹ̀ nílẹ̀, tó bẹ́ẹ̀ tí bébà kan yóò fi lè kọjá lábẹ́ rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n ló ń fi bébà wo ti àbúrò. Ẹ̀gbọ́n tirẹ̀ náà fi wo tirẹ̀ ní ogún ọdún sẹ́yìn, ó ní, "Àmì ilé wa nìyí." Níbi ìdíje, àwọn gbọ̀ngàn mìíràn a máa fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́, wọn a ní "Ẹlẹ́sẹ̀-bébà dé o!" Wọ́n sì gba orúkọ náà bí oyè.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú o." Bíríkìlà ni. Kò tíì kúrò nínú ìdúró rẹ̀, òógùn ń sàn lára rẹ̀.

"Ẹ máa wí, sà."

"Èmi ò mọ kàrátè. Ògiri ni mo mọ̀. Tí mo bá mọ ògiri, tí apá kan ìpìlẹ̀ kan ilẹ̀, tí apá kejì ò kàn án, ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ á ní kí n wó o, á sì tún fi pákó lé mi. Tí ẹsẹ̀ òsì bá wà lẹ́yìn, ẹ ní ká tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ pátápátá. Tó bá kan ọ̀tún, ẹ ní ká gbé e. Kí ló dé tó fi jẹ́ ọ̀tún nìkan?"

Mànàmáná wo gìgísẹ̀ Bíríkìlà.

Ó mọ orúkọ eegun tó wà nínú gìgísẹ̀ náà. Ó mọ iṣan tó gbé e dúró. Àlàyé méjì tàbí mẹ́ta sì ti ń sáré bọ̀ wá sórí ahọ́n rẹ̀, irú èyí tí kò nira láti gbà gbọ́: pé ó ń jẹ́ kí ẹsẹ̀ yá, pé ó ń ti ara síwájú. Àwọn mẹ́jọ ọ̀hún ì bá mi orí, wọn ì bá sì gbé e lọ sílé. Lábẹ́ fèrèsé, bírò ti dúró.

"Mi ò mọ̀," ni ó wí.

Ó ká bébà náà sí méjì.

"Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe kọ́ mi. Ogún ọdún rèé, mi ò béèrè rí."

Ó yíjú sí Ọ̀gá. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí á pe àgbà ní wèrè, ṣùgbọ́n ìbéèrè mìíràn wà tí a kò lè bi àgbà lójú agbo láìjẹ́ pé a bọ́ ọ láṣọ. Ó tẹrí ba.

"Ọ̀gá, ìbéèrè kan nìyí tó ju agbára mi lọ. Ṣé kí n bi yín níbí, sà, àbí kó dìgbà tó bá ku èmi àti ẹ̀yin?"

Bàbá náà gbé ọwọ́ lé orúnkún ọ̀tún rẹ̀ bí ẹni ń dì í mú.

"Bi mí níbí."

"Kí ló dé tí gìgísẹ̀ ọ̀tún kì í fi í kanlẹ̀?"

Ọ̀gá tẹ̀ síwájú lórí àga. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú aṣọ funfun tẹ́ẹ́rẹ́ tó máa ń wé mọ́ ọrùn ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀. Gbogbo èèyàn ló gbà pé àmì ipò ni aṣọ ọ̀hún; àwọn kan tilẹ̀ ti ń wé tiwọn. Nígbà tó tú u tán, ojú àpá kan wà níbẹ̀, ó gùn láti gìgísẹ̀ dé ìdajì ẹsẹ̀, ó wú, ó sì ń dán.

"Alùpùpù ni," ó wí. "Ó ku ọdún kan kí n ṣí ibí. Ọ̀nà tutù, mo ṣubú, iṣan ẹ̀yìn ẹsẹ̀ já. Dókítà so ó, ṣùgbọ́n ó kúrú. Láti ọjọ́ náà, gìgísẹ̀ yìí ò tíì kanlẹ̀."

Ó fi ọwọ́ ra àpá náà.

"Nígbà tí mo kọ́kọ́ rí i lẹ́sẹ̀ àwọn ọmọ, mo rò pé wọ́n ń sín mi jẹ ni. Inú bí mi, mo ní n ó lé wọn. Mo wá wo ojú wọn, kò sẹ́rìn-ín níbẹ̀. Lọ́jọ́ kan, mo wọlé, mo bá ọ̀kan tó ń ti bébà sábẹ́ ẹsẹ̀ ẹnìkejì rẹ̀. Ẹ̀rù bà mí."

"Ẹ ò wá sọ fún wọn, Ọ̀gá?"

"Kí n sọ kí ni? Kí n ní kí wọ́n gbé e kalẹ̀, kí wọ́n ní kí n kọ́kọ́ gbé tèmi? Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni nígbà náà. Ta ní í fọmọ ránṣẹ́ sí olùkọ́ tó ń tiro?" Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, kò sì dùn. "Ọ̀rọ̀ tí a kò sọ láàárọ̀, tó bá dalẹ́, ẹnu kì í gbà á mọ́. Mo kàn ń retí ẹni tó máa béèrè."

Mànàmáná ń ro gbogbo àwọn tó ti gba orí pákó yìí kọjá: awakọ̀, alágbẹ̀dẹ, àwọn tó ti ṣí gbọ̀ngàn tiwọn sí ìlú tí òun kò dé rí, àti àwọn tí àwọn yẹn náà ti kọ́. Ní ibikíbi tí wọ́n bá wà ní ìṣẹ́jú yìí, àlàfo tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà lábẹ́ gìgísẹ̀ ọ̀tún wọn. Ìṣubú kan ṣoṣo, lọ́nà tutù kan, ń rìn káàkiri ayé lórí ẹsẹ̀ àwọn tí kò gbọ́ nípa rẹ̀ rí.

"Ó ku ogún ìṣẹ́jú," ni Aṣàyẹ̀wò wí.

Mànàmáná tẹrí ba fún Ọ̀gá, ó tẹ̀ ẹ́ ju bó ṣe máa ń tẹ̀ ẹ́ lọ. Ó wá kọjú sí kíláàsì.

"Ó yá, ẹ jẹ́ ká gbé e kalẹ̀."

Gìgísẹ̀ mẹ́jọ balẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, gbì. Kò nira fún wọn rárá. Oṣù kan péré ni wọ́n fi gbé e sókè. Mànàmáná kọ ẹ̀yìn sí wọn kí wọ́n lè rí ẹsẹ̀ tirẹ̀, ó fẹ́ tẹ tirẹ̀ mọ́lẹ̀. Kò kanlẹ̀. Iṣan ẹ̀yìn ẹsẹ̀ rẹ̀ le bí okùn ìsáṣọ. Ó tún un ṣe, gìgísẹ̀ náà sún mọ́lẹ̀. Bó ṣe yí ìbàdí báyìí, ó ti gbéra padà fúnra rẹ̀.

"Àǹtí, tiyín ṣì wà lókè o," ni ìyá àwọn ìbejì wí.

"Mo mọ̀. Ẹ máa wò mí. Bí ojú ẹni tó ń kọ́ nǹkan ṣe ń rí nìyí."

"Ìgbésẹ̀ yín ló gùn jù," ni Bíríkìlà wí. Ó ti bẹ̀rẹ̀ sẹ́yìn rẹ̀, ó fi ojú kan wo ẹsẹ̀ náà bí ẹni ń wo ògiri. "Ẹ fà á kúrú díẹ̀. Ìka ẹsẹ̀ síwájú. Díẹ̀ sí i. Ẹ má kánjú, ilẹ̀ ò sá lọ."

Lẹ́ẹ̀karùn-ún, ó kàn án. Pákó náà tutù. Ó tutù ní ojú ibì kan tí kò kàn án rí nínú ìdúró yẹn fún ogún ọdún, omi sì lé sí ojú Mànàmáná kó tó mọ̀.

Nígbà tí wákàtí pé, Aṣàyẹ̀wò dìde, ó pa ìwé rẹ̀ dé, ó sì na ọwọ́ sí i.

"Èmi ni mo kọ ti ọdún tó kọjá."

"Mo rántí, mà."

"Mo ti pa ìlà kejì rẹ̀ rẹ́."

Ó gba ọwọ́ náà. Lẹ́yìn obìnrin náà, Ọ̀gá ṣì jókòó sí àga rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ wà níta gbangba nínú ìlà oòrùn, ó sì di ojú.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tò sí ẹnu ọ̀nà láti kí Mànàmáná pé ó dàbọ̀. Ìyá àwọn ìbejì ló ṣáájú. Kó tó tẹrí ba, ó kọ́kọ́ fi orí sí apá òsì díẹ̀, bí ẹni ń tẹ́tí sí nǹkan. Ẹni tó tẹ̀ lé e ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni kẹta ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tó kan Bíríkìlà, tí òun náà fi orí sí apá òsì kó tó tẹ̀ ẹ́ ba, Mànàmáná dá a dúró.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, kí lẹ̀ ń gbọ́?"

"Èmi kẹ̀? Mi ò gbọ́ nǹkan kan." Ó wò ó pẹ̀lú ìyanu. "Bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe ń ṣe é, Àǹtí."

Ó lọ. Àwọn tó kù kí i lọ́kọ̀ọ̀kan, orí sí òsì, kí wọ́n tó tẹrí ba. Nígbà tí ẹ̀yìn wọn kúrò lẹ́nu ọ̀nà, Mànàmáná gbé ọwọ́ sókè, ó fi kan ọrùn ara rẹ̀ jẹ́jẹ́. Ó gbìyànjú láti mú orí rẹ̀ dúró ṣánṣán. Ó sún un sọ́tùn-ún díẹ̀, ó dá a padà. Kò mọ ibi tí ṣánṣán wà.