Ìjà Tó Yá Jù

Ẹni tó bá ní ilé ńlá dùn, kò tíì dá gbé inú rẹ̀ rí ni. Abdulganiyy kọ́lé sí Ayọ̀bọ̀. Kó tó kùn ún tán, Mubarakah ìyàwó rẹ̀ ti ríṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Ireland, ó sì ti kó àwọn ọmọ lọ. Ìwé ìrìnnà tirẹ̀ kò tíì jáde. Ó ń tún fíríìjì àwọn oníbàárà ṣe láàárọ̀, bó bá délé nírọ̀lẹ́, tẹlifíṣọ̀n ló ń bá a sọ̀rọ̀.

Ọjọ́ Àìkú nìkan ni èèyàn ń wọlé yẹn. Tolú tó jẹ́ tíṣà á wá láti àdúgbò Command, Hamdalah tó ń ta oògùn á wá láti Ìgandó, Charles tó ń ṣe POS á wá láti Ẹ̀gbẹ́dá. Wọ́n á yí tábìlì ká, wọ́n á ṣe eré kan tí Abdulganiyy kọ́ nígbà tó wà ní poli. Eré ìtàn ni. Òun ló ń pa ìtàn náà, àwọn mẹ́ta yòókù sì ní ẹni tí kálukú ń ṣe nínú rẹ̀. Ọdẹ ni Hamdalah, oníṣègùn ni Tolú, Charles sì ni jagunjagun. Bí ìjà bá dé, wọ́n á ju dáìsì kí wọ́n tó mọ̀ bóyá ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe á yọrí.

Ibi ìjà yẹn gan-an ni wàhálà wà, torí kì í tán. Bó bá kan Hamdalah, á di dáìsì mọ́wọ́, á máa wo òkè àjà. "Ẹ̀gbọ́n, bí mo bá gun igi ńkọ́? Àbí kí n kàn ta ọfà?" Tolú á máa fi ìka ṣírò. Ojú Charles á ti wà nínú fóònù, bó bá wá kàn án, á ní, "Kí ló ṣẹlẹ̀ ná?" Abdulganiyy á sì tún gbogbo ẹ̀ sọ látìbẹ̀rẹ̀. Wọ́n á jẹ ẹ̀pà, wọ́n á bú ọ̀gá Tolú, wọ́n á dá sí ọ̀rọ̀ Hamdalah àti àfẹ́sọ́nà rẹ̀. Ìrẹsì orí gáàsì á jinná, wọ́n á jẹ ẹ́ tán, àwọn olè inú ìtàn, tí wọ́n fi ìdérí ìgò ṣe sórí tábìlì, á ṣì dúró lórí afárá tí wọ́n ti wà látọ̀sán.

Lọ́jọ́ kan, Tolú fọwọ́ nu ẹnu, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú o. Ìjà yìí ń pẹ́ jù. Ilẹ̀ ti ń ṣú ká tó lọ, ẹ̀yin náà sì mọ bí ọ̀nà yín ṣe rí. Bó bá ń báyìí lọ, kò dájú pé mo lè máa wá." Charles ní òun náà ti ń rò ó.

Àyà Abdulganiyy já. Ó rẹ́rìn-ín ṣá, ó ní òun á wá nǹkan ṣe sí i. Bí Tolú bá lọ, Charles á tẹ̀ lé e, Hamdalah ò sì ní máa dá nìkan wá bẹ ọkọ ọlọ́kọ wò. Ọjọ́ Àìkú á wá dà bí ọjọ́ Ajé.

Ó wá ro ìjà náà bí ẹni ń ro ìjà gidi. Ó sẹ́ yanrìn tó ṣẹ́kù nígbà tó ń kọ́lé, ó rọ ọ́ sínú ìgò oògùn kékeré méjì tó lẹ̀ pọ̀ lẹ́nu. Kí yanrìn náà tó sàn tán, ẹni tó kàn gbọ́dọ̀ ti sọ ohun tó fẹ́ ṣe, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ó ti pàdánù àyè rẹ̀. Ẹni tó tẹ̀ lé e á ti máa múra sílẹ̀. Bí olórí àwọn olè bá sì ti ṣubú, kí àwọn yòókù fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ jàre. Ta ló fẹ́ máa lé wọn kiri inú igbó?

Nígbà tí ọjọ́ Àìkú dé, eré náà dùn débi pé Charles fi fóònù sápò fúnra rẹ̀. Hamdalah ta ọfà láìwo òkè àjà. Wọ́n ṣẹ́gun lórí afárá, wọ́n tún ṣẹ́gun lórí òkè, ìtàn ọjọ́ náà sì parí. Inú Abdulganiyy dùn gan-an. Ó sọ lọ́kàn ara rẹ̀ pé eré ti fẹsẹ̀ múlẹ̀, kò sẹ́ni tó ń lọ mọ́.

Ìgbà náà ni Tolú gbé báàgì rẹ̀.

"Ẹ dúró ná," ni Abdulganiyy wí. "Ìrẹsì ti fẹ́ jinná."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má ṣèyọnu. Ẹ jẹ́ ká tètè lọ nígbà tí oòrùn ṣì wà."

Ó sìn wọ́n dé ibi tí wọ́n ti ń wọ kẹ̀kẹ́. Tolú yọrí jáde, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ọpọlọ. Báyìí ni ká máa ṣe é o. Ẹ̀yin náà á lè máa ráyè sinmi."

Ó ní àmín. Ó wù ú kó ní kí wọ́n má lọ, ṣùgbọ́n báwo ni onílé ṣe ń sọ fún àwọn àbúrò pé ẹ má fi mí sílẹ̀? Wọ́n ní ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Ti Abdulganiyy gbẹ́ ẹ.

Ìrẹsì ti jinná nígbà tó padà délé. Ó bu tirẹ̀, ó jókòó síbi tó máa ń jókòó, ó kó àwọn olè padà sórí afárá. Ó gbé ìgò yanrìn kúrò lórí tábìlì.

"Hamdalah," ó sọ fún àga tó dojú kọ ọ́, "ìwọ ló kàn." Ó sì fún un láyè kó rò ó dáadáa.