Oyin Ṣáájú Ìrọ̀lẹ́

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ̀yin ará. Ọpẹ́ ni fún Ẹni tó ń ṣọ́ ẹ̀mí wa nígbà tí àwa fúnra wa kò ṣọ́ ọ. Ẹ wá jókòó tì mí lẹ́bàá ibùsùn ìyá mi.

Ẹ̀kán oyin kan wà lórí ìka mi. Oòrùn aago mẹ́rin gba ojú fèrèsé wọlé, oyin náà ń tàn bí iná àtùpà. Mo fi ra èrìgì ìyá mi, mo sì ń dúró.

Ìyá mi, òógùn bo iwájú orí yín, ó tutù bí ìrì. Mo pè yín, ẹ ò dáhùn. Mo tún pè yín, ètè yín mì, ẹ ò dáhùn.

Èmi ni mo kéde ààwẹ̀ yìí. Ọjọ́ Ìsinmi ni mo dúró níwájú ìjọ, mo ní kí ẹnikẹ́ni má fi oúnjẹ kan ẹnu lónìí títí di ìrọ̀lẹ́. Ìyá mi, ẹ tẹ̀lé mi délé, ẹ bi mí bóyá kí ẹ ṣì gba abẹ́rẹ́ àtọ̀gbẹ yín láàárọ̀. Mo ní oògùn kì í ṣe oúnjẹ, kí ẹ gbà á. Ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ ní ọmọ tí ẹ rán ní yunifásítì kò lè ṣi yín lọ́nà.

Mo mọ̀ ọ́n, Ìyá mi. Ohun tó ń dùn mí nìyẹn. Ogún ọdún ni mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ kọ́lẹ́ẹ̀jì pé ẹ̀dọ̀ ni àká ara, pé ṣúgà ló wà níbẹ̀, pé àwọn purotéènì tí à ń pè ní ẹ́ńsáìmù ni ìránṣẹ́ àká náà. Bí ebi bá dé, ara a fi èdìdì kékeré kan, fọ́sífeetì, lé wọn lára. Èyí tó ń ṣí àká gba èdìdì, ó jí. Èyí tó ń kó ṣúgà pamọ́ gba èdìdì, ó sùn. Èdìdì kan náà ni. Bẹ́ẹ̀ ni ara ṣe ń bọ́ ara nígbà ààwẹ̀.

Ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ yín a máa bó èdìdì náà kúrò. A máa wí fún ara pé oúnjẹ ti dé. Oúnjẹ kò dé. Àká tì, ebi ń pa onílé.

Ọba kan wà nínú ìtàn ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ Ìsinmi, tó fi ìbúra de àwọn èèyàn rẹ̀ pé kí wọ́n má jẹun títí di ìrọ̀lẹ́. Ọmọ rẹ̀ tọ́ oyin wò, ojú rẹ̀ sì là. Láti kékeré ni mo ti ń bínú sí ọba yẹn. Òní ni mo rí ojú rẹ̀, nínú dígí tó wà lára ògiri yín.

Oyin díẹ̀ sí i. Mo ń kọ orin tí ẹ kọ́ mi sí yín létí.

Ìpéǹpéjú yín mì. Ojú yín là. Ẹ wò mí bí ẹni tó ti ọ̀nà jíjìn dé. Ẹ lá ètè yín, ojú tì yín bí ọmọ tó jí ẹran nínú ìkòkò, ẹ sì ní kí n bá yín tọrọ àforíjì lọ́dọ̀ Ọlọ́run, pé ẹ ti tọ́ nǹkan wò ṣáájú ìrọ̀lẹ́.

Ẹ̀yin lẹ ń tọrọ àforíjì. Mo gbé omi ṣúgà sí yín lẹ́nu, mo sọ fún yín pé èmi ni mo jẹ̀bi. Ẹ ní kí èmi Àwẹ̀ró má sunkún sínú ife náà, kó má baà ní iyọ̀.

Ẹ̀yin tó jókòó tì mí, kí ìmọ̀ yín má dúró ṣe ẹlẹ́rìí lòdì sí yín. Kí ìtara yín má de ẹni tí ẹ fẹ́ràn. Bí ó bá sì rẹ̀ yín ṣáájú ìrọ̀lẹ́, kí ẹ̀kán oyin kan wà lórí ìka ẹnì kan.